Àwọn Ọmọ Òpópónà 47: Ohun Tí Àwọn Àgbà Bronzeville Ń Rántí

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi gbogbo, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Ọ̀rọ̀ Chicago ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìlú tí à ń jẹ nínú rẹ̀, tí à ń bímọ sí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì bi léèrè ìtàn ara rẹ̀. Mo mọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe níbí. Nọ́ọ̀sì pọ̀ láàárín wa. Àwọn tó ń lọ tọ́jú àgbà nínú ilé wọn tún pọ̀ jù wọ́n lọ. Àwa là ń gbé ìyá àgbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa là ń wo ìfúnpá wọn, àwa là ń rán wọn létí oògùn. Ìyá ẹni nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún tí ẹ lọ wẹ̀ fún láàárọ̀ yìí ní South Side, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní 1950. Níbo ni wọ́n ti ń ṣeré? Ta ló ń bá wọn wí bí wọ́n bá ṣìwà hù? Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù? Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.

Kí n tètè sọ ibi tí mo ti mú ọ̀rọ̀ mi wá. Kì í ṣe Bronzeville ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níwájú ilé wọn, ìyókù sì wà nínú àkọsílẹ̀ ìlú. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó sọ tinú wọn fún mi.

Bronzeville ni àwọn èèyàn dúdú ń pe àdúgbò tiwọn ní gúúsù Chicago. Bí ẹ bá gba State Street láti nǹkan bí òpópónà 22 lọ sí 51, àárín rẹ̀ lẹ wà. Ojú irin àti Wentworth ni ààlà rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, Cottage Grove sì ni ààlà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mississippi, Arkansas, Louisiana àti àwọn ìpínlẹ̀ olóko òwú bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kún ibẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ ojú irin Illinois Central ló kó ọ̀pọ̀ wọn, tó já wọn sílẹ̀ ní ibùdó òpópónà 12. Ìwé ìròyìn Chicago Defender, tí Robert Abbott dá sílẹ̀ ní 1905, ló ti ń pè wọ́n láti òkèèrè. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ló ń bá a gbé e lọ, nígbà míì lábẹ́ aṣọ, torí àwọn ìlú kan wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á. Ní 1940, èèyàn dúdú tó wà ní Chicago tó 278,000. Nígbà tó fi máa di 1950, wọ́n ti tó 492,000. Èèyàn ń pọ̀ sí i, àyè ò sì fẹ̀ tó wọn.

Kí ló dé tí wọn ò lọ gbé ibòmíràn? Ìwé ló dè wọ́n. Àwọn onílé aláwọ̀ funfun tó yí wọn ká ti jọ tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn ò ní ta ilé fún èèyàn dúdú, àwọn ò sì ní fi ilé yá wọn gbé, ilé ẹjọ́ sì ń ti ìwé náà lẹ́yìn. Ní 1937, Carl Hansberry ra ilé kan ní Rhodes Avenue, níbi tí ìwé yẹn ti kan án léèwọ̀. Àwọn jàǹdùkú pé lé ilé náà lórí, wọ́n ju òkò wọlé, díẹ̀ ló kù kí ó ba ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń jẹ́ Lorraine, ọmọ ọdún méje. Ọmọ yẹn ló wá di Lorraine Hansberry, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí ayé mọ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì jàre ní 1940, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò fa ìwé àdéhùn yẹn ya níbi gbogbo. Ọdún 1948 ni ilé ẹjọ́ náà tó sọ ọ́ gbangba pé kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó tún gbọ́dọ̀ fi agbára òfin mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ.

Kó tó di ìgbà náà, àwọn onílé ti rí ọ̀nà owó. Wọ́n á mú fúláàtì ńlá kan, wọ́n á fi pákó gé e sí wẹ́wẹ́, ìdílé kan nínú yàrá kan. Kitchenette ni wọ́n ń pè é. Sítóòfù kékeré kan, àpótí yìnyín kan, bẹ́ẹ̀dì kan tí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń sùn lé, ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo àjà náà ń tò sí. Àwa tí a ti gbé yàrá kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ rí ní Mushin tàbí Ìbàdàn lè fojú inú wò ó, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀: bí èèyàn bá rówó ní Mushin, ó lè kó lọ. Ẹni tó rówó ní Bronzeville kò ríbi kó lọ. Gwendolyn Brooks, akéwì tó jẹ́ èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ní 1950, ti gbé nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló sì kún inú ewì rẹ̀.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè jáde, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ pọ̀. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Provident, ilé ìwòsàn tí Daniel Hale Williams dá sílẹ̀ ní 1891, ń gbé ní òpópónà kan náà pẹ̀lú alágbàfọ̀. Lọ́yà, ọkùnrin tó ń pa màlúù ní stockyards, olùkọ́, obìnrin tó ń lọ nu ilé fún òyìnbó, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà dé láti ibi iṣẹ́. Ọmọ alágbàfọ̀ ń rí dókítà tó jọ ọ́ ní àwọ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe nínú ìwé. Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Àwọn àgbà yìí kò gbọ́ òwe wa rí, àmọ́ wọ́n ti jẹ ìyà rẹ̀. Ìyá kan sọ fún mi pé bí òun bá fojú di àgbàlagbà ní òpópónà 43, ìròyìn á ti dé ilé ní 47 kí òun tó dé. Obìnrin tó rí i á bá a wí níbẹ̀, ìyá rẹ̀ á tún nà án nílé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìdùnnú ló wà lójú wọn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Mo wá rí i pé ohun tí wọ́n ń rántí ni pé ẹnì kan ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú ọjọ́ kan níbẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á rán ọmọ kan kí ó lọ fi káàdì sójú fèrèsé. Wọ́n kọ 25, 50, 75 àti 100 sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin káàdì náà, èyí tó bá wà lókè ni ìwọ̀n yìnyín tí ilé ń fẹ́. Oníyìnyín á wò ó láti ìsàlẹ̀, á gé yìnyín, á gbé e lé èjìká, á gun àtẹ̀gùn. Àwọn ọmọ á ti yí ọkọ̀ rẹ̀ po, wọ́n ń ṣa èérún tó bọ́ sílẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ń ra àkísà àti irin àtijọ́ á gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀, á máa kígbe. Bàbá kan ké igbe náà fún mi bó ṣe ń dún, igbe tí kò sí lójú ọ̀nà mọ́ láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì le débi pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà òtútù, èédú ni wọ́n máa ń dà sí ìsàlẹ̀ ilé, èéfín rẹ̀ á sì bà lé aṣọ tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.

Okùn ìsáṣọ yẹn kan náà ni àwọn ọmọbìnrin fi ń fò. Okùn méjì ni o! Àwọn méjì á máa fì í ní ìdàkejì ara wọn, ẹni tó wà láàárín á máa fò, á máa kọrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan èyíkéyìí. Double Dutch ni. Àwọn ọkùnrin ń ju bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́ etí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ẹni tó bá ta á padà débi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè hán an ló jẹ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lè ra kẹ̀kẹ́ á tú skate àlòkù kan, á kan táyà rẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó, á gbé àpótí ọsàn lé e lórí, ó di ọkọ̀. Softball ti Chicago sì yàtọ̀ sí ti ibi yòókù ní Amẹ́ríkà: bọ́ọ̀lù rẹ̀ tóbi, yíyíká rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hán an láìsí ìbọ̀wọ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá rí bàbá ọmọ South Side tí ìka rẹ̀ wọ́, ẹ bi í léèrè bọ́ọ̀lù kí ẹ tó kọ làkúrègbé sílẹ̀.

Bí ooru bá mú gan-an, inú yàrá wọ̀nyẹn kò ṣe é sùn. Ìdílé á kó aṣọ ìbora jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, tàbí kí wọ́n lọ sùn ní Washington Park títí ilẹ̀ á fi mọ́, tẹbí tará. Àwọn tó sọ fún mi sọ pé wọn ò bẹ̀rù. Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ rántí nípa ọjọ́ lásán: bí iná òpópónà bá ti tàn, kí ẹsẹ̀ rẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn ilé yín.

Ẹ̀rù wà ṣá. Ó wà ní ààlà. Wọn ò gbọdọ̀ ré Wentworth kọjá. Langston Hughes, akéwì náà, ré e kọjá ní 1918 nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n sì lù ú. Ní 1919, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan, Eugene Williams, wà lórí omi ní adágún Michigan, ó sún kọjá ibi tí wọ́n rò pé ó yẹ kó dúró, wọ́n ju òkò lù ú, ó kú sómi. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé e pa èèyàn 38. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, òbí kò ní jókòó ṣàlàyé èyí fún ọmọ. Wọ́n á kàn sọ ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ń rán àwọn ọmọ lọ tọkàntọkàn. Ní òpópónà 48 àti Michigan, ilé ìkàwé George Cleveland Hall ṣílẹ̀kùn ní 1932. Vivian Harsh ni olórí rẹ̀, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ilé ìkàwé ìjọba ní Chicago. Wọ́n le, wọn ò gba ariwo rárá. Charlemae Rollins ló ń bójú tó àwọn ọmọdé. Ìyá yìí wo ìwé ọmọdé tó wà lọ́jà, wọ́n rí i pé bí èèyàn dúdú bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹrú ni tàbí ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Wọ́n bá àwọn aṣèwétà jà. Wọ́n ṣa ìwé tó yẹ ọmọ jọ, wọ́n tẹ àkójọ náà jáde ní 1941, wọ́n sì lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, wọ́n ń pìtàn fún ọmọ lẹ́yìn ọmọ. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò ní igun tirẹ̀ nílé, tó wá bá tábìlì, iná tó mọ́lẹ̀, àti àgbàlagbà tó mọ orúkọ rẹ̀ tó sì ti fi ìwé kan pamọ́ dè é. Bí ẹ bá bi mí pé ta ni akọni nínú ìtàn yìí, Charlemae Rollins ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Ti orin náà kò kéré. Ní ilé ẹ̀kọ́ DuSable, tó ṣí ní 1935, Walter Dyett, tí gbogbo wọn ń pè ní Captain, ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Gene Ammons, Johnny Griffin, Von Freeman, Dorothy Donegan, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn kọjá. Ní Sátidé, Regal ni. Gbọ̀ngàn tó gba nǹkan bí 3,000 èèyàn ni, ní òpópónà 47 àti South Parkway, òpópó tó ń jẹ́ Martin Luther King Drive báyìí. Fíìmù á kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà Duke Ellington tàbí Dinah Washington fúnra wọn á jáde sórí ìtàgé. Ọmọ tó bá tètè wọlé lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wà ní Pilgrim Baptist níbi tí Thomas Dorsey ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà wa yìí gan-an, ẹ̀wà olójú dúdú, ni wọ́n sì ń sè ní ọjọ́ kìíní ọdún kí ọdún lè sàn wọ́n. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé ẹ̀wà yẹn kọjá òkun.

Ní Sátidé kejì oṣù kẹjọ, ọdọọdún láti 1929, Bud Billiken dé. Ìwé ìròyìn Defender ló dá ayẹyẹ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń tà á kiri àti gbogbo ọmọ àdúgbò. Àwọn onífèrè, àwọn tó ń jó, àwọn gbajúmọ̀ nínú mọ́tò tó ṣílé, gbogbo wọn á gba South Parkway lọ sí Washington Park. Ó ṣì ń wáyé. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ.

Oṣù kẹjọ yẹn kan náà ló ní ìtàn tí àwọn àgbà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ láti sọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti sinmi, àwọn òbí máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Mississippi. Wọ́n á di adìyẹ díndín, ẹyin sísè àti kéèkì sínú páálí bàtà fún wọn, torí ọ̀pọ̀ ibi olóúnjẹ lójú ọ̀nà kò ní tà fún èèyàn dúdú. Wọ́n á kì wọ́n nílọ̀ bí wọ́n ṣe máa wo òyìnbó àti bí wọn ò ṣe ní wò ó. Ní 1955, Emmett Till, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá láti South Side, wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn lọ. Wọ́n jí i gbé lóru nílé ẹbí rẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sọ òkú rẹ̀ sódò. Ìyá rẹ̀, Mamie Till, ní kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí ohun tí wọ́n fi ọmọ òun ṣe. Ní Roberts Temple, òpópónà 40 àti State, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tò kọjá, àwọn ọmọdé sì wà lára wọn. Àwọn tí kò lọ rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Jet tó wà lórí tábìlì ilé. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà, òyìnbó ni gbogbo wọn, dá ọkùnrin méjèèjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì sì fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn kan. Ẹgbẹ́ Emmett ṣì wà láàyè. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwa là ń fún wọn lóògùn. Bí ìyá kan bá kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ-ọmọ òun kò ní dá rìnrìn àjò, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ló dà wọ́n láàmú.

Lẹ́yìn 1948, àwọn tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ sí àdúgbò Park Manor àti Chatham ní gúúsù Bronzeville, dókítà àti lọ́yà ṣáájú. Ìlú náà sì gbé katakata dé. Wọ́n wó Mecca ní 1952, ilé ńlá onígíláàsì lórí tí àwọn ọmọ ti ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga IIT sì kọ́ Crown Hall sí ojú ilẹ̀ rẹ̀. Òpópó márosẹ̀ Dan Ryan ṣí ní 1962. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí Robert Taylor Homes, ilé 28 tó ga ní àjà 16, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ State Street. Robert Taylor tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní ipò alága àjọ tó ń kọ́lé fún ìlú ní 1950, nítorí ìgbìmọ̀ ìlú kò gbà kí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí àdúgbò aláwọ̀ funfun. Ilé ẹ̀kọ́ kún débi pé ìdajì ọjọ́ ni àwọn ọmọ kan fi ń kàwé, nígbà tí àga ṣófo ní ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun tí kò jìnnà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1963, ọmọ tó lé ní 200,000 kọ̀, wọn ò lọ sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti wó gbogbo Robert Taylor Homes nígbà tó fi máa di 2007. Regal ti lọ láti 1973.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan, títí kan àwọn ará wa, ń sọ pé ìgbà ìyàsọ́tọ̀ yẹn gan-an ló dára fún wọn, pé ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí ni nǹkan bàjẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tó dára níbẹ̀, èèyàn ló ṣe é. Ògiri kò tọ́ ọmọ kankan. Ohun tí ògiri ṣe ni ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì kan àti òkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọdún méje. Àwọn tó tọ́ ọmọ ni Miss Rollins àti Captain Dyett, àti obìnrin òpópónà 43 tó bá ọmọ ọlọ́mọ wí. Bí wọ́n bá jẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé ibi tó wù wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn ò sì fi márosẹ̀ àti katakata tú àwọn tó kù ká, ta ló lè sọ pé wọn ò ní tọ́mọ?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde láìgbàṣẹ. Ẹ má béèrè pé báwo ni nǹkan ṣe rí láyé àtijọ́, ìbéèrè yẹn ti fẹ̀ jù. Ẹ béèrè òpópónà tí wọ́n gbé, àti ẹni tó ń gbé ní òkè wọn. Ẹ béèrè olùkọ́ tí wọ́n bẹ̀rù jù, àti orin tí wọ́n ń kọ sí okùn fífò. Bí ọmọ wọn bá sì bi yín léèrè ibi tí èèyàn ti lè rí ìwé àti àwòrán àdúgbò yẹn, ẹ júwe ilé ìkàwé Carter G. Woodson ní òpópónà 95 àti Halsted fún wọn. Ibẹ̀ ni àkójọ tí Vivian Harsh bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà 48 wà báyìí, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣeun o.